Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Òwe kan wà tí àwọn àgbà wa máa ń pa nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi yé ènìyàn pé kì í ṣe ìwà ọlọ́gbọ́n láti gbójú lé ohun kan ṣoṣo. Wọ́n á ní, "Ọ̀nà kan kò wọ ọjà." Ọmọdé a gbọ́ òwe náà, a sì rò pé ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán ni, tí a fi ń rẹ ẹni tí ìdáwọ́lé rẹ̀ kò yọrí lẹ́kún. Ṣùgbọ́n ìtàn fi hàn wá pé òwe yìí ti ṣẹ rí ní tòótọ́, ní etí ọ̀sà Èkó, lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìlú tí ó ṣẹ mọ́ lára ni Èjìnrìn, tí ó wà láàrin Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ìtàn ọjà ìlú náà ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n eré ọmọdé ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ọdún Kérésìmesì bá ń bọ̀, tí àwọn ìyá bá ń ra aṣọ àti ìrẹsì lọ́jà, àwọn ọmọkùnrin a máa wá agolo sàdíìnì àti agolo wàrà kiri. Wọ́n á fi ìdérí ìgò ṣe ẹsẹ̀ agolo náà, wọ́n á so okùn mọ́ ọn níwájú, wọ́n á sì máa fà á kiri àdúgbò bí ẹni pé ọkọ̀ gidi ni. Èyí tí ó bá mọ iṣẹ́ ọwọ́ jù nínú wọn a so agolo mẹ́ta tàbí mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn, a sì máa kígbe bí fèrè rélùwéè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a sì tò sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á di èrò ọkọ̀.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, irú eré yìí ti di iṣẹ́ tí àgbàlagbà ń ṣe. Ní ọdún 1891, ilé iṣẹ́ Märklin ti ilẹ̀ Jámánì kó ọkọ̀ ojú irin kékeré lọ sí ọjà ńlá ìlú Leipzig, pẹ̀lú ojú irin tí ènìyàn lè tò pọ̀, kí ó sì tún tú u. Ní ọdún 1910, àwọn kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n pè ní The Model Railway Club. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni kí wọ́n máa fi ọwọ́ ara wọn kọ́ rélùwéè kékeré tí ó jọ ti gidi ní gbogbo ọ̀nà. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ káàkiri nísinsìnyí. Ní ìgbà Kérésìmesì, tí àwọn ará ìlú bá ń ná ọjà ọdún, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a gbé tábìlì ńlá jáde kí tọmọdé tàgbà lè wá wòran. Lórí tábìlì náà, òkè wà, odò wà, afárá wà lórí odò, ilé ìdúró ọkọ̀ wà, ọjà kékeré pàápàá sì wà, tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò ga ju oríkèé ìka lọ. Ọkọ̀ náà a máa sáré yí gbogbo rẹ̀ ká.

Ohun kan wà nínú eré yìí tí ó yẹ kí a ronú sí. Ẹni tí ó ni tábìlì ni ó ń pinnu ibi tí ojú irin yóò gbà. Bí ó bá wù ú, a tẹ́ ẹ gba iwájú ọjà kọjá. Bí kò bá sì wù ú, a yí i gba ẹ̀yìn òkè. Ọjà tí ọkọ̀ kò dé yóò ṣì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn igi inú rẹ̀. Ebi kì yóò pa wọ́n, ọmọ wọn kì yóò sì sá lọ sí ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n ní ayé tòótọ́, ẹni tí ó tẹ́ ojú irin gba ibì kan ti pín ire, àní bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń pín in. Ní ọdún 1896, ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irú ojú irin bẹ́ẹ̀ sí orí ilẹ̀ wa. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹ jẹ́ kí a wo bí Èjìnrìn ti rí.

Èjìnrìn wà ní apá àríwá ọ̀sà, níbi tí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ti sọ̀ kalẹ̀ wá bá omi. Ẹni tí ó bá dúró ní èbúté rẹ̀, omi ni yóò máa wò títí tí ojú rẹ̀ kò fi ní lè rí i mọ́. Orí omi náà sì ni ọ̀nà Èkó. Bí ó bá yíjú sí ẹ̀yìn, ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ó gba inú igbó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde ni yóò rí. Ibi tí ọ̀nà omi àti ọ̀nà ilẹ̀ ti pàdé ni ọjà wà. Kì í ṣe ọjà ojoojúmọ́. Ó ní ọjọ́ tirẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, tí oníkálukú sì ń kà lórí ìka.

Bí ọjọ́ ọjà bá ti kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, àwọn ọlọ́kọ̀ láti Èkó àti láti gbogbo abúlé etí ọ̀sà a ta ìgbòkun, wọ́n á máa wakọ̀ bọ̀. Iyọ̀ wà nínú ọkọ̀ wọn, aṣọ òkè òkun wà níbẹ̀, ẹja gbígbẹ wà, ọtí wà, ìbọn àti ẹ̀tù sì wà pẹ̀lú. Láti apá òkè ni àwọn alárù ti ń bọ̀ ní ẹsẹẹsẹ, epo pupa àti èkùrọ́ lórí wọn, pẹ̀lú iṣu, àgbàdo, ewúrẹ́, adìẹ àti aṣọ tí àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú hun. Aṣọ Ìjẹ̀bú kì í ṣe ọjà àná. Ó ti lókìkí láti ọ̀rúndún púpọ̀ sẹ́yìn, tí àwọn ará Yúróòpù pàápàá fi ń rà á láti tún un tà ní àwọn etí òkun mìíràn.

Epo àti èkùrọ́ ni olórí ọjà. Ní òkè òkun, wọ́n ń fi epo pupa se ọṣẹ, wọ́n ń fi ṣe àbẹ́là, wọ́n sì ń fi pa ẹ̀rọ kí ó má bàa ha. Epo tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lò ní Liverpool àti èkùrọ́ tí wọ́n ń lọ̀ ní Hamburg, orí obìnrin àti orí ọkùnrin ilẹ̀ Yorùbá ni púpọ̀ nínú rẹ̀ kọ́kọ́ gùn kí ó tó gun ọkọ̀ òkun. Èyí tí ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Ìjẹ̀bú wá sí Èkó, etí ọ̀sà yìí ni ó ti ń wọ ọkọ̀, Èjìnrìn sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọjà tí ó tóbi jù níbẹ̀.

Kí a má ṣe fi irọ́ bu ẹwà kún ìtàn: kì í ṣe epo nìkan ni ọ̀sà yìí gbé rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ọmọ ilẹ̀ Pọ́túgà kan tí ń jẹ́ Duarte Pacheco Pereira kọ ọ́ sínú ìwé pé ìlú Ìjẹ̀bú tóbi, pé yàrà ńlá sì yí i ká. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú pé ẹrú àti eyín erin ni wọ́n ń tà níbẹ̀, tí wọ́n sì ń gba ẹ̀gbà idẹ. Títí di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ọmọ ènìyàn ni a fi ọkọ̀ gbé kọjá lórí ọ̀sà náà lọ sí ibi tí wọn kò ti padà mọ́. Nígbà tí òwò burúkú yìí parí, epo ni ó gba ipò rẹ̀. Ọjà yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò yí padà.

Àwọn Ìjẹ̀bú mọ iyì ọ̀nà yìí, wọ́n sì ṣọ́ ọ. Ará Èkó kò gbọdọ̀ kọjá àwọn ọjà etí ọ̀sà wọ inú ilẹ̀ lọ. Ará Ìbàdàn àti àwọn ará òkè mìíràn kò sì gbọdọ̀ kọjá ilẹ̀ Ìjẹ̀bú dé etí omi. Ohun tí ará òkè bá ní láti tà, Ìjẹ̀bú ni yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ará Èkó bá kó wá, Ìjẹ̀bú náà ni yóò bá a gbé e lọ sí òkè. Àwọn oníbodè jókòó sí ojú ọ̀nà, wọ́n ń gba owó ibodè. Láti inú èyí ni ọrọ̀ ti ń wọlé fún Awùjalẹ̀, fún àwọn ìjòyè, àti fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníṣòwò.

Àwọn òyìnbó pe ìwà yìí ní ojúkòkòrò. Kò yẹ kí àwa tètè dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú ti rí bí àwọn òyìnbó ti fi ọkọ̀ ogun lu Èkó ní ọdún 1851, tí wọ́n sì gba ìlú náà pátápátá ní ọdún 1861. Ẹni tí ó rí i tí iná jó ilé aládùúgbò rẹ̀ kò jẹ̀bi bí ó bá ti ilẹ̀kùn tirẹ̀. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ ọ̀tá lè sé ọ̀rẹ́ mọ́ ìta. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1877, tí Ìjẹ̀bú sì wà lára àwọn tí ó dojú kọ Ìbàdàn, ọ̀nà etí ọ̀sà di ohun ìjà. Wọ́n ń tì í, wọ́n ń ṣí i, wọ́n sì tún ń tì í. Ìbàdàn kò lè rí ìbọn rà bí ó ti fẹ́, kò sì lè rí iyọ̀ rà bí ó ti fẹ́. Láti ìgbà náà ni ó ti wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn, ní òkè àti ní Èkó, pé ó yẹ kí ọ̀nà mìíràn wà.

Ní ọdún 1891, Denton, ẹni tí ó ń di ipò gómìnà Èkó mú nígbà náà, lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde láti bẹ̀bẹ̀ fún ṣíṣí ọ̀nà. Àwọn Ìjẹ̀bú kò gba ẹ̀bùn rẹ̀, ìjọba Èkó sì kà á sí àbùkù. Ní oṣù kìíní ọdún 1892, àwọn aṣojú Awùjalẹ̀ wá sí Èkó, wọ́n ṣe àdéhùn pé ọ̀nà yóò ṣí, wọn kì yóò sì gba owó ibodè mọ́. Ìjọba ṣèlérí láti máa san £500 fún Awùjalẹ̀ lọ́dọọdún dípò owó náà. Àdéhùn yìí kò tọ́jọ́. Wọ́n dá ẹnìkan tí ó fẹ́ gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá padà, Gómìnà Gilbert Carter sì rí ohun tí ó ń wá.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun tí Francis Scott jẹ́ ọ̀gá wọn wọ ọkọ̀ la orí ọ̀sà kọjá, wọ́n gúnlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì dojú kọ Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn Ìjẹ̀bú pàdé wọn ní Ìmágbọ̀n ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù náà. Wọ́n jà bí ọkùnrin, ṣùgbọ́n ìbọn Maxim ń tu ọta bí ẹni ń fọ́n èlùbọ́. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ ogun wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Báyìí ni ilẹ̀kùn tí a ti tì fún ọ̀rúndún púpọ̀ ṣe wó.

Ẹ kíyè sí i pé ogun yìí kò tú ọjà Èjìnrìn ká. Ọjà kì í kú nítorí pé ibodè ṣí. Epo ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ọkọ̀ ṣì ń ti Èkó wá. Ẹni tí ó bá wo èbúté náà ní ọjọ́ ọjà lẹ́yìn ogun lè sọ pé, "Ibi ti kọjá lórí wa." Ṣùgbọ́n bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún.

Ní ọdún 1896, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lórí ọ̀nà kan tí kò kan Èjìnrìn rárá. Wọ́n ń gé igbó, wọ́n ń gbẹ́ òkè, wọ́n ń di kòtò, wọ́n sì ń tẹ́ irin méjì sílẹ̀ tí àlàfo wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń pàṣẹ, ṣùgbọ́n ejìká àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ni ó ru irin. Láti Ìdó àti Ẹ̀bútè-Mẹ́ta ni ọ̀nà náà ti gbéra. Ó gba itòsí Ọ̀tà kọjá, ó dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní Abẹ́òkúta, ó sì yí lọ sí Ìbàdàn. Ní oṣù kẹta ọdún 1901, wọ́n ṣí i títí dé Ìbàdàn. Ó gùn tó nǹkan bí 120 máìlì. Ní ọdún 1901 kan náà, wọ́n parí afárá Carter, tí ó so erékùṣù Èkó mọ́ Ìdó, tí ènìyàn fi lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ọjà Èkó dé ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró sí.

Ẹ fi ara yín sí ipò obìnrin oníṣòwò kan ní Ìbàdàn ní ọdún náà. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, bí ó bá fẹ́ kí epo rẹ̀ dé Èkó, yóò háyà alárù. Àwọn alárù náà yóò fi ọjọ́ púpọ̀ rìn gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, yóò bọ́ wọn, yóò sì wá ibùsùn fún wọn. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀nà a di ẹrẹ̀. Bí ó bá dé etí ọ̀sà, yóò tún dúró de ọkọ̀, ọkọ̀ a sì dúró de atẹ́gùn. Nísinsìnyí, ó gbé epo rẹ̀ lọ sí ibùdó rélùwéè, ó san owó, ó gba ìwé, ẹrù rẹ̀ sì dé Èkó láìpẹ́, ẹ̀ẹ̀rùn ìbáà ṣe, òjò ìbáà ṣe. Kò sí ìkórìíra kankan lọ́kàn obìnrin yìí sí Èjìnrìn. Kò tilẹ̀ rántí Èjìnrìn rárá. Ó kàn rí ọ̀nà tí ó yá jù ni, ó sì gbà á. Bí ẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọjà ńlá kan ti ń ṣàìsàn láìsí pé ẹnikẹ́ni bú u.

Bí Èjìnrìn ti ń fẹ́, ibòmíràn ń kún. Ní Ìbàdàn, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ti Èkó wá ṣí ìsọ̀ sí Gbági, kò sì pẹ́ tí àwọn ará Síríà àti Lẹ́bánónì fi dé bá wọn. Ọjà Dùgbẹ̀ dìde nítòsí ibùdó rélùwéè. Nígbà tí ojú irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907, Òṣogbo náà di ibi tí epo àti èkùrọ́ ń wọ́ sí. Ọ̀nà náà kò dúró níbẹ̀. Ó kọjá Ọ̀fà, ó kọjá Ìlọrin, ó dé Jẹ́bbà ní etí odò Ọya, ó sì dé Kánò, tí ó fi jẹ́ pé ní ọdún 1912 ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ní Èkó kí ó sọ̀ ní Kánò. Ìlú tí ọ̀nà dé ń pọ̀, ìlú tí ọ̀nà yẹ̀ sílẹ̀ ń dín.

Èjìnrìn kò kú ní ọjọ́ kan. Ó ṣì jẹ́ èbúté Ìjẹ̀bú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ọkọ̀ ilẹ̀ dé, àwọn lọ́rì ń kó ẹrù àti èrò láti Ìjẹ̀bú-Òde wá sí etí omi, kí ọkọ̀ ẹlẹ́rọ tó gbé wọn lọ sí Èkó. Òpópó kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ṣì ń jẹ́ Ejinrin Road títí di òní olónìí. Ṣùgbọ́n lọ́rì tí ó gbé èrò wá sí èbúté náà kò pẹ́ tí ó fi kọ́ bí yóò ti gbé wọn dé Èkó láìfi ẹsẹ̀ kan omi. A la ọ̀nà ilẹ̀ gba Ṣágámù àti Ìkòròdú. Ní ọdún 1978, a ṣí òpópó márosẹ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn. Báyìí ni Èjìnrìn tún ṣe pàdánù lẹ́ẹ̀kejì. Rélùwéè gba ará òkè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ilẹ̀ gba àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tìkára wọn.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Ǹjẹ́ àwọn Ìjẹ̀bú wá di tálákà bí?" Rárá o. Ibí yìí gan-an ni òwe wa ti yí ojú kejì rẹ̀ sí wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò jókòó sí etí omi kí wọ́n máa sunkún ọjà. Wọ́n tẹ̀lé ọ̀nà lọ sí ibi tí ó lọ. Wọ́n tẹ̀dó sí Ìbàdàn, wọ́n ṣí ìsọ̀ níbẹ̀, wọ́n kọ́lé síbẹ̀. Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ àti ní àyíká Agége, àwọn àgbẹ̀ gbin obì gbànja, nítorí wọ́n mọ̀ pé àwọn Haúsá fẹ́ràn rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin sì ń lọ sí Kánò. Àwọn Haúsá wá jókòó tì wọ́n ní Sábó láti máa rà á. Ọ̀nà irin tí ó gba òwò epo kúrò ní etí ọ̀sà ni wọ́n fi kó obì lọ sí òkè. Àwọn tí baba wọn ń ṣọ́ ibodè kọ́ láti máa la ibodè kọjá.

Ẹ má sì ṣe rò pé rélùwéè tí ó borí Èjìnrìn ti jókòó sórí ìtẹ́ rẹ̀ láéláé. Ọkọ̀ ilẹ̀ tí ó ṣẹ́gun ọkọ̀ omi ṣẹ́gun ọkọ̀ ojú irin náà. Kí ọ̀rúndún ogún tó parí, ẹrù tí rélùwéè ń gbé ti dín kù jọjọ, koríko sì ti ń hù láàrin irin ní ọ̀pọ̀ ibi tí fèrè rẹ̀ ti ń dún rí. Ní ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀bútè-Mẹ́ta, ilé kan wà tí a kọ́ ní ọdún 1898, tí à ń pè ní Jaekel House. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Legacy, tí ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́, tún un ṣe, ó sì di ilé tí a ń kó àwòrán àti ohun èlò rélùwéè àtijọ́ sí kí ènìyàn lè wá wò wọ́n. Alágbára àná ti di ohun àfiwòran, bí ọkọ̀ kékeré tí àwọn ẹgbẹ́ òkè òkun ń gbé jáde ní ọjà Kérésìmesì. Nígbà tí ó sì di oṣù kẹfà ọdún 2021, a ṣí ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, tí ó gùn tó 157 kìlómítà, tí àlàfo irin rẹ̀ sì fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ọ̀nà tún yí padà. Ní ọdún 2023, èbúté òkun tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Lẹ́kki, ní òdìkejì ọ̀sà sí Èjìnrìn. Ta ni ó mọ ibi tí ọjà yóò tún gbà lọ?

Ẹ̀kọ́ wo ni a wá rí kọ́ nínú ìtàn yìí?

Èkínní ni pé ẹni tí ó ń jẹun nítorí pé ó dí ọ̀nà, kí ó mọ̀ pé àwọn tí ó dí mọ́ ń wá ọ̀nà mìíràn. Àwọn Ìjẹ̀bú ní ìdí tí ó dára láti ṣọ́ra, ogun tí a sì gbé tọ̀ wọ́n wá kì í ṣe ogun òdodo. Ṣùgbọ́n ìṣọ́ra kì í ṣe òwò. Ohun tí ó ń mú kí ènìyàn padà sí ọ̀dọ̀ wa ni ire tí a ń ṣe fún un, kì í ṣe odi tí a mọ yí i ká. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ìṣirò, tí ó sì fi pamọ́ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ kí òun nìkan lè máa gba ipò kìíní, oníbodè ni. Ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá rí olùkọ́ mìíràn, kí ni yóò kù lọ́wọ́ rẹ̀?

Èkejì ni pé ìgbà tí ọjà bá kún ni ó yẹ kí a máa wo ojú ọ̀nà. Nígbà tí ọjà bá ti tú, olórí pátẹpàtẹ nìkan ni ó ń kù síbẹ̀. Ní ọdún 1900, kò sí ohun tí ó fi hàn ní èbúté Èjìnrìn pé nǹkan fẹ́ yí padà. Ibi tí a ti ń lu irin mọ́ ilẹ̀ jìnnà réré sí wọn. Báyìí ni ìyípadà ṣe ń dé. Kì í kan ilẹ̀kùn wa. Ilé ẹlòmíràn ni ó ń kọ́kọ́ yà sí. Ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ kan lọ́wọ́, kí ó kọ́ èkejì mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè kan, kí ó kọ́ òmíràn.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ fi sí ọwọ́ àwọn tí yóò di onímọ̀ ẹ̀rọ àti olùṣèjọba nínú yín. Ní ọjọ́ kan, ẹ̀yin ni ẹ ó dúró tí tábìlì tí a tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sí, ẹ̀yin ni ẹ ó sì fa ìlà tí ọ̀nà yóò gbà. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò jẹ́ lójú yín. Ẹ rántí pé àwọn tí ó wà lórí àwòrán náà kì í ṣe ènìyàn igi. Kí ẹ tó gbé kálámù kúrò lórí ìwé, ẹ béèrè pé, "Ta ni ọ̀nà yìí yóò yẹ̀ sílẹ̀, kí sì ni a lè ṣe fún un?" Kò sí ẹni tí ó béèrè bẹ́ẹ̀ nítorí Èjìnrìn.

Bí Kérésìmesì bá tún dé, tí ẹ bá rí ọmọdé tí ó ń fa ọkọ̀ agolo kiri, ẹ dúró wò ó. Yóò gba iwájú ilé kan, yóò yí ẹ̀yìn ilé mìíràn, ibi tí ó bá sì yà sí ni àwọn ọmọ yòókù yóò sáré lọ. Ẹ óò rí i pé àwọn tí ó kù sí ibi tí ó ti kúrò kì í pẹ́ dìde. Èyí tí ó gbọ́n nínú wọn a tẹ̀lé e. Èyí tí ó gbọ́n jù a wá agolo tirẹ̀, a sì la ọ̀nà mìíràn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.